Àwọn Fódà Tó Ń Jẹ́ Orúkọ Kan Náà

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹjọ oṣù kẹsàn-án

Òjò ń rọ̀ láti àárọ̀. Òrùlé gbọ̀ngàn kọ̀ǹpútà ń jò lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, wọ́n fi bọ́kẹ́ẹ̀tì kan gbà á, a sì ń gbọ́ tó-tó-tó rẹ̀ bí a ṣe ń ṣe kíláàsì.

Kálukú dìde sọ iṣẹ́ àṣekágbá tó fẹ́ ṣe. Wọ́n ń pàtẹ́wọ́ fún wọn. Nígbà tó kàn mí, ohùn mi kò ju ti yànmùyánmú lọ. Mo ní mo fẹ́ ṣe ìwádìí nípa bí olùtọ́jú fáìlì, ètò inú kọ̀ǹpútà tó ń fi fáìlì hàn wá, ṣe ń ṣe sí àwọn fódà àrà ọ̀tọ̀, láti orí ẹ̀yà kọ̀ǹpútà àtijọ́ títí dé èyí tó dé kẹ́yìn.

Màmá Ọ̀mọ̀wé, olùkọ́ tí wọ́n fi mí sí lábẹ́ rẹ̀, bọ́ gíláàsì ojú rẹ̀.

"Fódà? Fódà tí à ń kó fáìlì sí yìí náà?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà."

"Kí ló wà nínú fódà tí èèyàn á fi odidi sáà kan wò?"

Ẹnì kan lẹ́yìn dáhùn pé, "Fáìlì ni, mà!" Ẹ̀rín bo gbọ̀ngàn. Mo jókòó. Etí mi gbóná bí ẹni pé wọ́n fi áyọ́ọ̀nù kàn án.

N kò yí iṣẹ́ náà padà.


Ọjọ́rú, ọjọ́ kẹwàá

Bọ̀ọ̀dá mi pè. Ó bi mí bóyá mo ti ní ọ̀rẹ́. Mo ní mo ti ní mẹ́ta. N kò sọ fún un pé kọ̀ǹpútà ni wọ́n.

Ìpẹ̀kun gbọ̀ngàn ni wọ́n wà, níbi tí ẹnikẹ́ni kì í fẹ́ jókòó sí. Mo ti sọ wọ́n lórúkọ. Àgbà ni èyí tó sanra lẹ́yìn bí àpótí, tó máa ń wúkọ́ kó tó jí. Àárín kì í ṣàìsàn, ṣùgbọ́n kò lè ṣe ohunkóhun láìkọ́kọ́ béèrè: ṣé ó dá ọ lójú, ṣé ìwọ lo ní kí n ṣe é, ṣé kò ní dùn ọ́ tó bá yá? Àbígbẹ̀yìn tẹ́ẹ́rẹ́, ó ń dán, ó sì yára débi pé kì í fẹ́ kí o mọ ohun tó ń ṣe.

"Bí ibẹ̀ ò bá rọgbọ," Bọ̀ọ̀dá ní, "máa bọ̀ nílé. Kò sẹ́ni tó máa fi ọ́ ṣe yẹ̀yẹ́."

Ó mọ̀ pé wọ́n kàn ń dán mi wò níbí ni. Bí iṣẹ́ yìí kò bá yege ní òpin sáà, ẹrù ni màá dì. Ìfẹ́ ló fi sọ̀rọ̀ náà. Ìfẹ́ ọ̀hún gan-an ló ń bí mi nínú.


Ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọjọ́ kẹtàlá

Iṣẹ́ ti ń wọ̀ mí lára.

Fódà lásán, bí o bá sọ ọ́ ní Bàtà, Bàtà ni yóò máa jẹ́ lójú gbogbo ayé. Ti àrà ọ̀tọ̀ kò rí bẹ́ẹ̀. Èyí tí kọ̀ǹpútà fúnra rẹ̀ ṣe sílẹ̀ dè ọ́, tó ní kí o máa kó ìwé rẹ sí, ní orúkọ tó ń jẹ́ nínú ilé, ó sì ní èyí tí olùtọ́jú fáìlì ń pè é níta. Fáìlì kékeré kan ló fara pamọ́ sínú rẹ̀, tó ń sọ fún olùtọ́jú fáìlì pé: bí wọ́n bá bi ọ́, Ìwé ni kí o pè mí.

Ohun tó dùn mọ́ mi ni pé àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kò ka iṣẹ́ tí wọ́n rán wọn yẹn bákan náà. Bí mo bá wo fódà ẹlòmíràn láti orí Àgbà, á ka orúkọ olóhun mọ́ ọn: Ìwé ti Lágbájá. Àárín á pè é ní Ìwé lásán, á tún gbé òjìji fódà kan tó ń jẹ́ orúkọ àtijọ́ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Bí o bá tẹ òjìji náà, á ní wọn ò gbà ọ́ láyè. Kò sí nǹkan kan níbẹ̀, àmì ojú ọ̀nà lásán ni, síbẹ̀ ó ń lé ọ bí ajá. Àbígbẹ̀yìn ní tirẹ̀ á pe gbogbo wọn ní Ìwé, á lẹ àwòrán tó rẹwà mọ́ wọn, ó parí.

Bi ọmọ ìyá mẹ́ta léèrè ohun kan ṣoṣo, kálukú á fi ẹnu tirẹ̀ rò ó.

Búrẹ́dì tún ti wọ́n sí i. Kékeré ni mo rà.


Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kẹrìndínlógún

Ẹnì kan bá mi sọ̀rọ̀ lónìí. Kọ̀ǹpútà rẹ̀ kú, ó sì wá jókòó ti Àárín. Gbogbo kíláàsì ń pè é ní Sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀, ó sì ń jẹ́ ẹ. Ó ti bí ọmọ méjì, ó ti ránṣọ fún ọ̀pọ̀ ọdún kó tó padà sí ilé ìwé.

"Ìwọ Dákẹ́dákẹ́ yìí, ṣé wọ́n gé ọ láhọ́n ni?"

"Rárá, Àǹtí."

"Yéè! Ó sọ̀rọ̀! Ẹ wá gbọ́ o, ó sọ̀rọ̀!"

Ẹnikẹ́ni kò wá. Ó bi mí ohun tí mò ń wò. Mo sọ fún un pé mò ń wo ìdí tí fódà kan fi ń jẹ́ orúkọ kan níbí, tó tún ń jẹ́ òmíràn lọ́hùn-ún.

"Ìyẹn le ni? Ọkọ mi náà ń kọ́? Ọ̀gá ni wọ́n ń pè é níbi iṣẹ́. Wá wò ó nílé níwájú abọ́ tí a ò tíì fọ̀, kí o wá gbọ́ orúkọ tó ń jẹ́."

Mo rẹ́rìn-ín. Ohùn ẹ̀rín mi ṣàjèjì sí mi. Ó ti pẹ́ tí mo ti gbọ́ ọ kẹ́yìn.


Ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ kọkàndínlógún

Màmá Ọ̀mọ̀wé pè mí sí ọ́fíìsì. Ìwé kún orí tábìlì, orí àga, orí ilẹ̀. Ibi tí ẹsẹ̀ mi dúró sí nìkan ló ṣófo.

"Mo ti bá ọ wá iṣẹ́ mìíràn," ó ní. "Kọ̀ǹpútà tó ń dá ojú èèyàn mọ̀. Àwọn olùdánwò fẹ́ràn rẹ̀. O máa gbádùn ẹ̀."

"Ẹ ṣé, mà. Màá ṣe é dáadáa."

"Ó dáa bẹ́ẹ̀."

Mo rí i pé kò yé e. Mo lè dákẹ́. Ẹsẹ̀ mi ti yí sí ẹnu ọ̀nà.

"Ti fódà ni mo ní màá ṣe dáadáa, mà. Kì í ṣe ti ojú."

Ó wò mí. "O ò lè pariwo, àmọ́ orí ẹ kunkun."

Mo ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, mà."

"Gbọ́ mi. Má wulẹ̀ sọ fún mi pé ó dùn mọ́ ọ. Mú ohun kan ṣoṣo wá, ohun tí ẹnì kan pàdánù, tàbí tó fẹ́ pàdánù, nítorí ọ̀rọ̀ fódà rẹ yìí. Kí oṣù yìí tó parí ni o. Tí mi ò bá rí i, mi ò ní fọwọ́ sí i. O sì mọ̀ pé ẹni tí olùkọ́ ẹ̀ ò bá fọwọ́ sí iṣẹ́ ẹ̀, kò ní dúró níwájú àwọn olùdánwò."

Mo mọ̀. Ẹni tí kò bá sì dúró níwájú wọn, ọ̀nà ilé ni.

Mo ti kọ orí kìíní tán kí oòrùn tó wọ̀. Wọn ò tíì rí ẹni tí orí ẹ̀ kunkun.


Ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ kọkànlélógún

Mo fọ aṣọ. Òjò tún un fọ̀.


Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kejìlélógún

Baba Wáyà, tó ń tọ́jú gbogbo kọ̀ǹpútà ilé ìwé, ti ń kó fódà olúkúlùkù jọ sínú kọ̀ǹpútà ńlá. Wọ́n fẹ́ kó àwọn kọ̀ǹpútà àtijọ́ dànù, wọ́n á kó tuntun wọlé. Ọkùnrin náà gbẹ bí igi, wáyà sì ń bẹ lọ́rùn rẹ̀ nígbà gbogbo bí èyí tí dókítà fi ń gbọ́ àyà. Bó bá ti kó ti ọ̀kan tán, á nu fáìlì inú kọ̀ǹpútà náà mọ́ féfé, á fọwọ́ lu ẹ̀yìn rẹ̀, á ní, "Ó dìgbà." Mo fẹ́ràn bó ṣe ń ṣe é. Ó dà bí ẹni tó ń sin àlejò dé ẹnu ọ̀nà.

Kò ì wo apá ọ̀dọ̀ mi rí.


Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n

Ó wo apá ọ̀dọ̀ mi lónìí.

Ó ti kó wọn jọ tán. Ó wá fi Àbígbẹ̀yìn yẹ iṣẹ́ rẹ̀ wò. Ohun tó jáde sójú kọ̀ǹpútà ni Ìwé, Ìwé, Ìwé, Ìwé, wọ́n tò gbọọrọ títí dé ìsàlẹ̀.

"Ẹ wá wo nǹkan!" ó kígbe. "Ẹ̀rọ yìí da nǹkan kan ṣoṣo kọ léraléra bí ọmọ tí wọ́n fi ìlà kíkọ jẹ níyà!"

Ó ṣí ọ̀kan. Àwòrán, Orin, Fídíò ló wà nínú rẹ̀. Ó ṣí òmíràn. Àwòrán, Orin, Fídíò. Ó ṣí ẹ̀kẹta, ó rí ohun kan náà, ó pa á dé.

"Ọjọ́ Ẹtì ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, màá fi ọ̀kan sílẹ̀, màá pa ìyókù rẹ́. Wọ́n ti gba gbogbo àyè."

Kò sí fódà àrà ọ̀tọ̀ irú ẹ̀ tí kò ní àwọn mẹ́ta yẹn nínú. Kọ̀ǹpútà ló ń fi wọ́n síbẹ̀ fún gbogbo ènìyàn, bí ilé tí wọ́n kọ́ fún òṣìṣẹ́, tí gbogbo wọn ní yàrá, ìdáná àti balùwẹ̀. Ẹni tó bá dúró sí ẹnu ọ̀nà á ní ilé kan náà ni. Ó sì ti nu gbogbo ibi tó ti kó wọn wá. Kò sí ẹ̀dà mìíràn.

"Ẹ jọ̀ọ́, sà."

"Ta ló sọ̀rọ̀?"

"Èmi ni, sà. Wọn kì í ṣe ọ̀kan náà."

"Ojú mi ló fọ́ ni, àbí tìẹ?"

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Mo di etí tábìlì mú.

"Sà, kọ̀ǹpútà kì í gba orúkọ méjì tó bára mu níbì kan náà. Bí wọ́n bá ń jẹ́ Ìwé lóòótọ́, kò ní gbà wọ́n."

"Òun gan-an nìyẹn!" Ó pàtẹ́wọ́. "Ìyẹn ló jẹ́ kí n mọ̀ pé ó ti bàjẹ́!"

"Ẹ kàn ṣí inú Àwòrán, sà. Ẹ wọlé díẹ̀ sí i."

"Ẹ gbà mí o. Ọmọ tó dé lánàá fẹ́ fi ilé han onílé." Ó ká wáyà rẹ̀ mọ́ ọrùn, ó jáde.

Ọ̀rọ̀ ìwọ̀sí ni. Ṣùgbọ́n ohun tí Màmá Ọ̀mọ̀wé ní kí n mú wá nìyẹn, òun ló fẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn wá bá mi. Baba Wáyà nìkan ló ní kọ́kọ́rọ́, ìyẹn ọ̀rọ̀ aṣínà, tó lè ṣí àwọn fódà náà. Èmi kò lè rí ju orúkọ wọn lọ. Ó tó. Láti orí Àgbà, orúkọ olóhun máa hàn.


Ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ kẹrìndínlọ́gbọ̀n

Mo dé gbọ̀ngàn lówùúrọ̀. Àgbà kò sí níbẹ̀ mọ́. Àyè rẹ̀ ṣì wà lórí tábìlì, eruku yí i ká.

Mo lọ bá Màmá Ọ̀mọ̀wé. Mo sọ gbogbo rẹ̀ láìmí.

"Ṣé tèmi wà nínú wọn?"

"Mi ò mọ̀, mà. Àgbà ló lè sọ fún wa."

"Àgbà wo?"

Mo ṣàlàyé. Ẹnu rẹ̀ mì bí ẹni fẹ́ rẹ́rìn-ín. "O ti sọ kọ̀ǹpútà lórúkọ?" Lẹ́yìn náà ó gbé gíláàsì padà sójú. "Mi ò lè lọ bá ọkùnrin yẹn jà lórí ọ̀rọ̀ ẹnu. Ó ti ń ṣe iṣẹ́ yìí kí n tó dé ibí. Jẹ́ kí n fojú mi rí i."

Ó dáa. Ojú ẹ̀ á rí i.


Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kọkàndínlọ́gbọ̀n

Mo rí Àgbà. Ó wà nínú yàrá ẹrù lábẹ́ fáànù tó ti ṣẹ́, wọ́n dojú rẹ̀ kọ ògiri. Yàrá náà kò ní kọ́kọ́rọ́. Ta ló fẹ́ jí jákujàku? Mo so ó mọ́ iná. Ó wúkọ́, ó wúkọ́, ó jí. Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ kí i pé ẹ káàárọ̀.

Ṣùgbọ́n kò sí ojú ihò tí wáyà lè gbà dé ọ̀dọ̀ kọ̀ǹpútà ńlá nínú yàrá ẹrù. Inú gbọ̀ngàn nìkan ló wà. Èmi àti Sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ gbé e. Ó wúwo bí ẹ̀ṣẹ̀. Sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ kò dákẹ́ ní gbogbo ọ̀nà.

"Bí mo bá bímọ kẹta látàrí ẹrù yìí, ìwọ lo máa gbà á tọ́."

Baba Wáyà rí wa láti òkèèrè. Ó na ọwọ́ méjèèjì dí ẹnu ọ̀nà.

"Níbo ni ẹ̀ ń gbé òkú lọ?"

"Kò tíì kú, sà."

"Mo ti sin ín! Ohun tó bá ti jáde nínú gbọ̀ngàn mi kì í wọlé mọ́."

Sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ̀ ẹ́: Baba wa, Baba rere, ẹ foríjì í, ọmọdé ni. Kò gbọ́. Mo wo ilẹ̀. Igi pẹlẹbẹ kan ló pààlà láàárín ọ̀dẹ̀dẹ̀ àti gbọ̀ngàn. Ojú ihò wáyà tó súnmọ́ jù wà lára ògiri inú, nítòsí ìtẹ́sẹ̀ ẹnu ọ̀nà.

Mo gbé Àgbà kalẹ̀ sórí ilẹ̀ ọ̀dẹ̀dẹ̀, kó má bàa kan igi náà. Mo jókòó tì í. Mo na wáyà rẹ̀ gba abẹ́ apá Baba Wáyà.

"Kí lò ń ṣe yẹn?"

"Kò wọlé, sà. Ìta ló wà."

Ó wo ẹsẹ̀ rẹ̀. Ó wo igi. Àwọn ọmọ kíláàsì ti kóra jọ. Ẹnì kan ní, "Òótọ́ ni o, Baba, kò wọlé." Ẹ̀rín bú, ṣùgbọ́n èyí kò gbóná mọ́ mi létí.

"Màá wo ibi tí agídí ẹ máa já sí," ó ní. Ó fọn imú, ó lọ.

Mo jókòó síbẹ̀ títí wọ́n fi fẹ́ ti ilé. Wọ́n ń fẹsẹ̀ dá mi kọjá. Wáyà náà ti gbó, ó ń jábọ́. Mo fi rọ́bà tí wọ́n fi ń di irun so ó, Sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ ló tú u lórí ara rẹ̀.


Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọgbọ̀njọ́ oṣù kẹsàn-án

Wáyà náà dúró lónìí, Àgbà sì dìde. Gbogbo orúkọ jáde.

Mo kọ́kọ́ rò pé ojú ló ń ṣe mí. Níbi tí Àbígbẹ̀yìn ti ka Ìwé, Ìwé, Ìwé, Àgbà ń ka Ìwé ti akọ̀wé àgbà. Ìwé ti olùkọ́ ìṣirò. Ìwé ti ọ̀gá ilé ìkàwé. Ó tò wọ́n wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́ bí ẹni tó ń pe àwọn ọmọ rẹ̀ wálé. Sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ sáré lọ pe Màmá Ọ̀mọ̀wé. Ohùn rẹ̀ dé ọ́fíìsì ṣáájú ẹsẹ̀ rẹ̀.

Màmá Ọ̀mọ̀wé dé, ó ká aṣọ, ó lóṣòó sí ẹ̀gbẹ́ mi lórí ilẹ̀ ọ̀dẹ̀dẹ̀. N kò rò pé ó lè ṣe bẹ́ẹ̀. Ó ka ojú kọ̀ǹpútà láti òkè délẹ̀. Ó rí tirẹ̀.

"Baba Wáyà!"

Baba Wáyà dé, ó wo ojú Àgbà, kò tilẹ̀ tẹ̀. "Ẹ jẹ́ n bi yín, mà. Ohun tó ti ń ṣarán nìyí. Tuntun ní ọ̀kan ni, ògbólógbòó ní púpọ̀ ni. Èwo lẹ máa gbà gbọ́?"

Màmá Ọ̀mọ̀wé yíjú sí mi. "Ìbéèrè gidi nìyẹn. Nínú àwọn méjèèjì, èwo ló ń sọ òótọ́?"

Mo mọ̀ pé bí mo bá ní Àgbà ni, mo ti jáwé olúborí lójú wọn. Òun sì ni ọ̀rẹ́ mi. Ṣùgbọ́n kì í ṣe bẹ́ẹ̀ ló rí.

"Kò sí èyí tó ń sọ òótọ́, mà. Ohun tí wọ́n ní kí wọ́n sọ ni wọ́n ń sọ. Tí fáìlì kékeré yẹn bá ní kí wọ́n pè é ní Ọlọ́run, Ọlọ́run ni wọ́n máa pè é. Ẹ má bi orúkọ léèrè. Àdírẹ́sì ni kí ẹ bi. Tí Baba bá fi kọ́kọ́rọ́ wọn wọlé, tí wọ́n tẹ ojú ìlà òkè níbẹ̀ yẹn, ibi tí fódà náà ń gbé gan-an á hàn. Tí ẹ bá rí àdírẹ́sì méjì tó jọra, ẹ jẹ́ kí wọ́n pa wọ́n rẹ́, màá fúnra mi bá wọn tẹ̀ ẹ́."

N kò ì sọ tó bẹ́ẹ̀ rí láti ìgbà tí mo ti dé.

Baba Wáyà wọlé lọ sí ìdí Àbígbẹ̀yìn. Ó fi kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ ṣí i, ó tẹ ìlà òkè fún ọ̀kan. Àdírẹ́sì kan. Ó tẹ ti èkejì. Òmíràn. Ó tẹ ẹ̀kẹta, ó ti dẹwọ́ kíkùn. Ó wá ṣí Àwòrán nínú ọ̀kan, ó sì kọjá síwájú sí i. Àwòrán aṣọ ló kún ibẹ̀: kọ́là, apá, ìwọ̀n ìdí, oríṣiríṣi.

"Háà! Tèmi nìyẹn!" Sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ já wọ inú gbọ̀ngàn. "Iṣẹ́ àṣekágbá mi! Baba Wáyà, ẹ fẹ́ pa mí! Lọ́jọ́ Ẹtì! Ẹ̀yin tí mò ń fún ní bisikíìtì!"

"Bisikíìtì wo? Èyí tó ti rọ̀ yẹn?"

"Ẹ jẹ ẹ́ àbí ẹ ò jẹ ẹ́?"

"Mo jẹ ẹ́." Ó nu iwájú orí. Ó wò wá lọ́kọ̀ọ̀kan, ó wá wò mí. "Mo ṣí mẹ́ta," ó ní wẹ́rẹ́. "Mo ṣí mẹ́ta kí n tó sọ̀rọ̀. Ẹni tó bá ṣí mẹ́ta ti gbìyànjú."

"Òótọ́ ni, sà," mo ní. Òótọ́ sì ni. Gbogbo ẹni tó kù kò ṣí ẹyọ kan.

Màmá Ọ̀mọ̀wé na ọwọ́. "Ìwé tí mo máa fọwọ́ sí dà?" Orí Àgbà ló fi ṣe tábìlì tó fi fọwọ́ sí i.


Ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ kẹta oṣù kẹwàá

Ọjọ́ ìparẹ́ ló yẹ kó jẹ́. Wọn kò pa ohunkóhun rẹ́. Oòrùn mú, ìbọ̀sẹ̀ mi gbẹ.

Baba Wáyà pè mí ní Onífódà lójú gbogbo ènìyàn, ó ní kí n gbé òkú mi kúrò lójú ọ̀nà òun. Mo ní ṣé inú gbọ̀ngàn ni kí n gbé e sí. Ó ní òun ò gbọ́ ohun tí mo sọ. Mo gbé e wọlé.


Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kẹsàn-án

N kò lè jẹun lówùúrọ̀. Mo mu omi gbígbóná.

Olùdánwò mẹ́ta ni wọ́n. Àwọn méjì kàn ń wo aago. Ẹ̀kẹta ni a ń bẹ̀rù, Onítáì, tó máa ń wá láti ilé ìwé mìíràn. Wọ́n ní ó ti lé èèyàn tó pọ̀ ju èyí tó gbà lọ. Mo sọ iṣẹ́ mi. Ohùn mi gbọ̀n ní ìbẹ̀rẹ̀, ó sì gbọ̀n ní ìparí, ṣùgbọ́n kò dáwọ́ dúró.

"O ti gba fódà àwọn èèyàn là," Onítáì ní. "Ó dáa. Àwọn tó ń pa iná náà ń gba ilé là. Ṣé ìmọ̀ nìyẹn?"

"Wọ́n gbọ́dọ̀ mọ ohun tó ń jó kí wọ́n tó pa á, sà."

Ẹnì kan húkọ́. Onítáì kò rẹ́rìn-ín. Ó fa kọ̀ǹpútà pẹlẹbẹ kan yọ nínú báàgì rẹ̀, ó tì í sọ́dọ̀ mi.

"O sọ̀rọ̀ lórí ẹ̀yà mẹ́ta. Èyí ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ni. Kò sí nínú ìwé rẹ. Fódà Ìwé mi nìyẹn. Báwo ni yóò ṣe ṣe sí i?"

Màmá Ọ̀mọ̀wé di gíláàsì rẹ̀ mú lẹ́yìn wọn lọ́hùn-ún. Mo lè purọ́. Ọ̀rọ̀ tó jọ òótọ́ ti wà lẹ́nu mi.

"Mi ò mọ̀, sà."

Gbọ̀ngàn kùn. Ọ̀kan nínú àwọn méjì yẹn gbé kálàmù rẹ̀.

"Mi ò mọ̀," mo tún un sọ, ó sì yà mí lẹ́nu pé ohùn mi ti le. "Kò sẹ́ni tó lè mọ̀ ọ́n láti ojú orúkọ. Ohun tí mo kọ sínú ìwé yẹn nìyẹn látòkè délẹ̀. Tí ẹ bá gbà mí láyè, màá béèrè lọ́wọ́ àdírẹ́sì."

Ó ṣẹ́wọ́. Mo tẹ ìlà òkè. Mo kà á lẹ́ẹ̀mejì kó tó yé mi.

"Sà, ṣé inú ẹ̀rọ yìí ni ẹ rò pé àwọn ìwé yín wà?"

"Níbo ni wọn ì bá tún wà?"

"Ẹ yọ ọ́ kúrò lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, kí ẹ ṣí ọ̀kan tí ẹ ò tíì fọwọ́ kàn láìpẹ́."

Ó yọ ọ́. Ó tẹ ìwé kan. Kò ṣí. Ó tẹ òmíràn. Kò ṣí. Orúkọ wọn pé síbẹ̀, ọjọ́ wọn pé, àwòrán wọn pé, ṣùgbọ́n kò sí ẹni nílé. Ó tún táì rẹ̀ fà. Ó dà bí ẹni tó tẹ àpò rẹ̀ tí kò bá kọ́kọ́rọ́ ilé níbẹ̀.

"Iṣẹ́ ọdún mélòó kan ló wà níbẹ̀," ó ní, ohùn rẹ̀ ti rẹlẹ̀.

"Wọn kò sọnù, sà. Ẹ̀yà tuntun yìí ló ti kó wọn lọ sí kọ̀ǹpútà ilé iṣẹ́ tó ṣe é, níbi tó jìnnà, ó wá fi orúkọ wọn sílẹ̀ fún yín níbí. Ibòmíràn ni wọ́n ń gbé. Tí ẹ bá ti mọ àdírẹ́sì, ẹ máa rí wọn."

Ó tún so ó mọ́ íńtánẹ́ẹ̀tì. Ó ṣí ìwé àkọ́kọ́. Ó ṣí. Ó jókòó, ó ń wò ó, ó ti gbàgbé wa.

Wọ́n ní kí n jáde. Sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ ti wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, kò sì rí ọ̀rọ̀ kankan sọ. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn.


Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹtàlá

Mo yege. Onítáì kọ ọ́ sí i pé dandan ni kí n fi ẹ̀yà kẹrin kún un. Ó fa ìlà sábẹ́ dandan. Ìyẹn ni pé n kò lọ síbì kankan.

Màmá Ọ̀mọ̀wé ní kí n yí àkọlé padà nísinsìnyí, kí n wá èyí tó máa dùn létí àwọn tó ń tẹ ìwé jáde. Mo ní kò burú bó ṣe wà, mà. Ó ní òun ti mọ̀ pé ohun tí mo máa sọ nìyẹn, òun kàn ní kí òun gbìyànjú ni.


Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kẹrìnlá

Bọ̀ọ̀dá mi pè kí n tó pè é. Ó ní ọjọ́ wo ni kí òun wá pàdé mi níbùdókọ̀. Mo ní kó má wulẹ̀ wá. Ó ní ṣé ó dá mi lójú, pé gbogbo nǹkan mi ṣì wà bó ṣe wà.

Mo ní kí wọ́n gbé ibùsùn mi fún àbúrò wa, ẹsẹ̀ rẹ̀ ti gùn ju ibùsùn tirẹ̀ lọ.

"Nígbà tí o bá wá wò wá ń kọ́?"

Mo ní kí wọ́n tẹ́ ẹní fún mi ní pálọ̀, bí wọ́n ti ń ṣe fún àlejò.